Ọ̀rọ̀ Tí Wọ́n Dojú Rẹ̀ Délẹ̀

Ní Ìsẹ̀yìn, ní Òkukù, ní ọ̀pọ̀ ìlú tó wà lágbègbè Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun, ọjọ́ kan wà láyé àtijọ́ tí gbogbo agboolé máa ń dákẹ́ láti gbọ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Ọjọ́ tó ń lọ sílé ọkọ ni. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa yà láti ojúlé dé ojúlé, á kúnlẹ̀ fún bàbá, á kúnlẹ̀ fún ìyá, á kúnlẹ̀ fún àwọn àgbà ilé, á sì máa sun ẹkún ìyàwó. Omi ojú lásán kọ́ nìyẹn. Ewì ni, àdúrà ni, ẹ̀sùn sì ni nígbà mìíràn. Ó lè sọ pé ẹ̀rù òrogún ń ba òun. Ó lè bèèrè ohun tí òun ṣe tí wọ́n fi fẹ́ kó òun kúrò nílé bàbá òun. Ó lè fi òwe gún ẹni tó ti ṣẹ̀ ẹ́ tipẹ́ tí kò rí àyè sọ ọ́. Kò sẹ́ni tí yóò bá a wí. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ó ti di ìyàwó ilé, ẹnu ìyàwó ilé kì í sì í gbòòrò tó bẹ́ẹ̀.

A mọ irú àyè yìí dáadáa. Lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn, ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ tí ọmọlúàbí kì í fẹnu bà di orin ìgboro ní Ìbàdàn. Àwọn ìyàwó agboolé ní orin tí wọ́n fi ń bú ara wọn láì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ líle ní ọjọ́ tirẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ó ní ìlù tirẹ̀, ó sì ní àsìkò tí wọ́n máa ń ká a kúrò nílẹ̀. Ìdí tí mo fi ń ránni létí èyí ni eré orí ìtàgé kan tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ti gbọ́ ẹkún ìyàwó rí ti mọ ìdajì ohun tí eré náà ń wá. Ìdajì kejì ni yóò dà á láàmú.

Revolt. She Said. Revolt Again. ni orúkọ eré náà. Alice Birch ló kọ ọ́, kò sì tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ní ọdún 2014 ni ilé-iṣẹ́ Royal Shakespeare Company ní Stratford-upon-Avon, ìlú tí wọ́n bí Shakespeare sí, pe àwọn obìnrin òǹkọ̀wé mẹ́rin, wọ́n sì gbé gbólóhùn kan síwájú wọn pé kí wọ́n fi eré dá a lóhùn. Inú àpilẹ̀kọ òpìtàn ará Amẹ́ríkà kan, Laurel Thatcher Ulrich, ni wọ́n ti mú gbólóhùn náà, ó sì ti wà nílẹ̀ láti 1976: pé ìtàn kì í sábà rántí obìnrin tó bá ń hùwà jẹ́jẹ́. (Ulrich alára kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ jàgídíjàgan o. Àwọn obìnrin onígbàgbọ́ ayé àtijọ́ tí àwọn òpìtàn fojú fò ló ń kọ̀wé nípa wọn. Àwọn tó wá tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sára ẹ̀wù àti ife tíì ló sọ ọ́ di igbe ogun.) Erica Whyman ló darí eré Birch. Lọ́dún náà gan-an ni Birch gba ẹ̀bùn George Devine, èyí tí wọ́n ń fún òǹkọ̀wé eré tí ìràwọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ní 2016 eré náà dé ilé ìṣeré Soho Rep ní New York, Lileana Blain-Cruz ló darí rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n máa ń dárúkọ ìwé kékeré kan mọ́ ọn, SCUM Manifesto, tí Valerie Solanas tẹ̀ jáde fúnra rẹ̀ ní 1967, tó ní kí wọ́n fọ́ ìjọba, kí wọ́n fòpin sí owó, kí wọ́n sì pa ọkùnrin run. Solanas yìí náà ló yìnbọn lu ayàwòrán Andy Warhol lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹ fi èyí sọ́kàn títí a ó fi dé ìparí eré.

Àwa tí eré Hubert Ògúndé tọ́ dàgbà mọ bí eré ṣe ń lọ. Orin ìbẹ̀rẹ̀ á kọ́kọ́ wáyé, ìtàn á bẹ̀rẹ̀, ìkà á jẹ èrè ìkà, orin ìparí á tú wa ká. Bẹ́ẹ̀ ló rí láti 1944 tí Ògúndé ti ṣe eré àkọ́kọ́ rẹ̀ nípa ọgbà Édẹ́nì. (Nígbà tó ń wá obìnrin tí yóò bá a ṣeré, akọ̀wé obìnrin ló ní òun ń wá nínú ìpolówó tó ṣe, torí kò sí òbí tó fẹ́ gbọ́ pé ọmọ òun di alárìnjó. Lẹ́yìn èyí ló wá ń fi àwọn òṣèré náà ṣaya. Ìtàn obìnrin àti ìtàgé lọ́dọ̀ tiwa gùn ju ti eléyìí lọ.) Nínú eré Birch, kò sí ìtàn tó ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú apá kìíní, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ kò tilẹ̀ lórúkọ. Àmì lásán ló wà níwájú ọ̀rọ̀ wọn nínú ìwé, adarí eré ni yóò pinnu ẹni tí yóò sọ èwo. Dípò ìtàn, àṣẹ ló wà: ìran kọ̀ọ̀kan ní àkọlé tó ń pàṣẹ pé kí wọ́n ṣọ̀tẹ̀ sí nǹkan kan. Àṣẹ àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n ṣọ̀tẹ̀ sí èdè, kí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀.

Ẹ wo bí ìran náà ṣe lọ. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ti òde dé. Ìfẹ́ ń gun ọkùnrin yìí, ó ń sọ bí obìnrin náà ṣe wu òun tó, ó ń sọ ohun tí òun fẹ́ ṣe fún un lálẹ́ yẹn. Obìnrin náà fẹ́ràn rẹ̀, kò bínú. Àmọ́ ó dá a dúró lórí ọ̀rọ̀ kékeré kan: ṣé ohun tí o fẹ́ ṣe sí mi lára ni, àbí ohun tí o fẹ́ bá mi ṣe? Ọkùnrin náà tọrọ àforíjì, ó tún un sọ. Obìnrin náà rí àléébù míràn nínú èyí tó tún sọ. Díẹ̀díẹ̀ ó gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. Níbi tí ọkùnrin ti jẹ́ ẹni tó ń ṣe, tí obìnrin sì jẹ́ ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún, ó yí i padà: dípò kí wọ́n wọlé tọ̀ ọ́, òun ni yóò gbé ẹni náà mì, dípò kí wọ́n mú un, òun ni yóò mú. Ọkùnrin tó wọlé bíi kìnnìún bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ jẹ. Ẹ̀rín ń pa àwọn òǹwòran, torí ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni ẹni tó jókòó sídìí ọ̀rọ̀-ìṣe.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé òyìnbó ti tún gbé tiwọn dé, ẹ jẹ́ ká dé Abẹ́òkúta.

Ní ìparí ọdún 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ya bo ààfin Aké. Owó orí ló lé wọn jáde. Lábẹ́ ètò tí ìjọba amúnisìn gbé lé Aláké Adémọ́lá Kejì, ọba Ẹ̀gbá, lọ́wọ́, ọmọbìnrin ọdún 15 ti ń san owó orí, nígbà tí ọmọkùnrin kò ní í san án títí yóò fi pé ọdún 16. Obìnrin kò sì ní ohùn kankan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná owó náà. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta kọ ìwé, wọ́n rán aṣojú, wọ́n bẹ̀bẹ̀. Nígbà tí ìwé kò dá nǹkan kan, orin ló kù. Wọlé Ṣóyínká, tó jẹ́ ọmọdé nílùú náà nígbà yẹn, sọ nípa ìrúkèrúdò ọ̀hún nínú ìwé rẹ̀ Aké tó jáde ní 1981.

Ọ̀kan wà nínú àwọn orin tí àwọn obìnrin náà kọ sí Aláké tí kò ṣeé fi kọ́ ọmọ nílé-ìwé. Ohun tó wí ni pé ó ti pẹ́ tí ọba ti ń fi nǹkan ọkùnrin rẹ̀ ṣe àmì àṣẹ lé wọn lórí pé òun ni ọkọ wọn. Lónìí, wọ́n ti yí ètò náà padà, tiwọn ni yóò máa ṣe ọkọ. Àwọn ìyá tó ń ta aṣọ àdìrẹ àti oúnjẹ lọ́jà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé, ṣe ohun tí àkọlé Birch ń pàṣẹ ní ọdún 67 kí Stratford tó gbọ́ ọ. Inú àṣà orin èébú tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti rí irin-iṣẹ́ wọn. Ohun tuntun tí wọ́n ṣe ni pé wọn kò jẹ́ kí ọjọ́ orin náà tán. Wọ́n sùn síwájú ààfin, wọ́n padà wá, wọ́n tún padà wá.

Ibi tí ọ̀nà ti pínyà nìyí. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá mọ ẹni tí wọ́n ń bá jà, wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n mọ iye owó tí àwọn kò fẹ́ san. Wọ́n pọ̀, ohùn wọn sì jẹ́ ọ̀kan. Obìnrin inú ìran àkọ́kọ́ dá wà nínú yàrá pẹ̀lú ọkùnrin tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kò ṣẹ̀ ẹ́ ní nǹkan kan àyàfi pé ó sọ̀rọ̀ bí gbogbo ayé ṣe ń sọ ọ́. Kò sí Aláké. Ta ni kó wá kọrin bú? Ìbéèrè yìí ni eré náà gbé lé wa lọ́wọ́, òun sì ni kò jẹ́ kó rọrùn bíi ti Ògúndé.

Àwọn kan nínú wa fẹ́ràn láti máa wí pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wá, pé èdè Yorùbá kò ya akọ kò ya abo. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí kọ ìwé pàtàkì kan ní 1997, The Invention of Women, tó fi ṣàlàyé pé ẹni tó jùni lọ àti ẹni tí a jù lọ ni àwọn baba ńlá wa fi ń to ènìyàn, kì í ṣe akọ àti abo. Mo bọ̀wọ̀ fún ìwé náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ọkùnrin ni í fẹ́, obìnrin ni wọ́n ń fẹ́. Ọkùnrin ni í gbé ìyàwó, obìnrin ni wọ́n ń gbé. Kí obìnrin kan jáde lónìí kó ní òun gbé Àjàní níyàwó lọ́dún tó kọjá, kí ẹ wá wo bí ọjà yóò ṣe dà rú fún ẹ̀rín. Ẹ̀rín kan náà ni wọ́n rín ní Stratford.

Ìran kejì wọ inú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lọ́nà líle. Ọkùnrin kan sọ fún olólùfẹ́ rẹ̀ pé òun fẹ́ kí àwọn di tọkọtaya. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni. Obìnrin náà gbọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe níkà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí ìgbéyàwó ti jẹ́ sẹ́yìn: ètò ohun-ìní, ètò owó orí, bàbá tó ń fa obìnrin lé ọkùnrin míràn lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá mọ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè rò pé ó ń sọ àsọdùn. Kó tó di pé òfin ohun-ìní obìnrin tó ti lọ́kọ jáde ní 1882, púpọ̀ nínú ohun tí obìnrin bá ní ló ń di ti ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ó sì di 1991 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lọ́dọ̀ wọn tó là á mọ́lẹ̀ pé ọkọ lè jẹ̀bi ìfipábánilòpọ̀ sí aya ara rẹ̀. Wọ́n ti bí Birch nígbà náà.

Apá àkọ́kọ́ nínú ẹ̀sùn yìí jìnnà sí wa díẹ̀. Ìyá tiwa ń ṣòwò, ó ń dá owó rẹ̀ ná, ọkọ rẹ̀ lè wá yá nínú rẹ̀ kó sì dá a padà. Apá kejì kò jìnnà rárá. Criminal Code tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì yọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láàárín ọkọ àti aya sílẹ̀ nígbà tó ń ṣàlàyé ẹ̀ṣẹ̀ náà, òfin VAPP ti 2015, tó de ìwà ipá sí ènìyàn, ni kò fi ìyọsílẹ̀ yẹn sí i mọ́. Àwọn tó kó o wá fún wa ti ju tiwọn nù, a ṣì di tiwa mú fún ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn wọn, ó kéré tán.

Ìran iṣẹ́ kò ní gbà mí lákòókò. Obìnrin kan sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun kò fẹ́ máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé mọ́. Ọ̀gá náà kò lè gbọ́ ọ yé, ó ń wá ìdí kiri, ó ń fi nǹkan amáyédẹrùn lọ̀ ọ́ níbi iṣẹ́. Ó pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò rò pé yóò gún òǹwòran Èkó lára tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Bẹ́rjà yóò kàn ní kí obìnrin náà dúpẹ́ pé ó níṣẹ́.

Ìran tó tẹ̀ lé e ni mo rò pé ó lágbára jù nínú gbogbo eré náà. Obìnrin kan dùbúlẹ̀ sílẹ̀ nínú súpámákẹ́ẹ̀tì, ó ká aṣọ rẹ̀ bo orí, ara rẹ̀ wà níta, bàrà fọ́ yí i ká. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ dúró lé e lórí, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò: wọ́n ń ráhùn nípa ọjà tó bàjẹ́ àti àwọn oníbàárà tó rí ohun tí kò yẹ kí wọ́n rí. Ẹ fi Yorùbá kan jókòó sáàárín àwọn òǹwòran náà. Àyà rẹ̀ yóò já ṣáájú ti ẹnikẹ́ni. Lọ́dọ̀ wa, bí obìnrin bá bọ́ra síhòòhò ní gbangba nítorí ìbínú, pàápàá àgbàlagbà, èpè ni. Ọkùnrin tó bá mọ ohun tó ń ṣe yóò sá. Kò sẹ́ni tó máa dúró béèrè owó bàrà.

Àmọ́ kì í ṣe èpè ni obìnrin yìí ń ṣẹ́. Nígbà tó lanu, ó sọ̀rọ̀ gígùn kan: gbogbo ọ̀nà tó ti gbìyànjú láti dáàbò bo ara rẹ̀, kò sí èyí tó ṣiṣẹ́. Ó ti bo ara, ó ti ṣọ́ ara. Ní báyìí, ó ti pinnu pé òun yóò ṣí ara náà sílẹ̀ pátápátá, ní gbogbo ìgbà, kó má baà sí ààlà kankan mọ́ tí ẹnikẹ́ni lè rú. Bí ẹni tó yọ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ kúrò kí olè má baà rí ilẹ̀kùn já ni. Ìmọ̀ràn kọ́ lèyí. Birch kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọpọlọ ènìyàn lè dé nígbà tí gbogbo ọ̀nà bá dí ló ń fi hàn wá. Ìhòòhò ìyá àgbà lọ́dọ̀ wa ní agbára torí pé gbogbo ìlú gbà pé ibi mímọ́ ni ibi tí wọ́n ti bí wọn. Bí ìlú kan kò bá ní irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀, kí ni obìnrin lè fi ara rẹ̀ halẹ̀ mọ́ wọn?

Nínú apá kejì, ìyá àgbà kan wà, obìnrin kan tó pè é ní ìyá, àti ọmọ obìnrin náà. Obìnrin náà fẹ́ mọ ìdí tí ìyá rẹ̀ fi fi òun sílẹ̀ lọ. Ìyá àgbà ní òun kò bí ọmọ kankan. Mo mọ̀ pé ibí ni ọ̀pọ̀ Yorùbá yóò ti dìde kúrò lórí àga. A lè fara da kí obìnrin kọ ọkọ, kó kọ iṣẹ́. Kíkọ ọmọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí etí wa ń gbà. Ìyá ni wúrà, a kò sì fún wúrà láàyè kó sọ pé ó ti rẹ òun. Eré náà kò dá ìyá náà láre, kò sì dá a lẹ́bi. Ó kàn jẹ́ ká rí i pé bí obìnrin kan bá sá fún ẹrù tí wọ́n gbé lé e, obìnrin míràn ni ẹrù náà máa ń já lé lórí, tí yóò sì máa bèèrè ohun tí òun ṣe. Bí mo bá ní kí wọ́n túmọ̀ apá kan ṣoṣo nínú eré yìí sí Yorùbá fún ìtàgé Yunifásítì Ìbàdàn, apá yìí ni, torí pé ibẹ̀ ni àríyànjiyàn yóò ti gbóná jù.

Lẹ́yìn náà ni gbogbo nǹkan tú. Nínú apá kẹta, àwọn ohùn gun orí ara wọn: ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti sísanra, ọ̀rọ̀ fíìmù ìhòòhò, ọ̀rọ̀ ìlunibolẹ̀, ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, ẹlòmíràn já a gbà. Ẹni tó bá ń wá ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kò ní í rí i. Mo rò pé ó gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Síbẹ̀ ó ní ọgbọ́n nínú: eré tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú obìnrin tó ń tún ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣe parí sínú èdè tí kò ṣeé tún ṣe mọ́.

Apá kẹrin kúrú. Àwọn obìnrin dúró nínú ìparun yẹn, wọ́n ń sọ bí wọn yóò ṣe fọ́ ayé kí wọ́n tó tún un tò, ìjọba, owó, àti ọkùnrin alára. Ohùn Solanas nìyẹn, kò fara sin. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́gun kò sí nínú ohùn wọn. Ìbànújẹ́ ló kún inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi parí eré kò ní orin ìparí nínú, kò sì sí ẹni tó jẹ èrè ìkà.

Àwọn kan ti sọ pé ìparí yìí fi hàn pé Birch kò mọ ibi tó ń lọ. Mo rò pé orúkọ eré náà ti dá wọn lóhùn, níbi tó ti ní kí wọ́n tún ọ̀tẹ̀ náà ṣe. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta borí ní ti tiwọn. Wọ́n mú owó orí obìnrin kúrò. Ní 1948 Adémọ́lá kúrò nílùú, ní oṣù kìíní ọdún 1949 ó fi ipò sílẹ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ ìwé ilé-ìwé sì máa ń pa ìtàn náà dé nìyẹn. Ní oṣù kejìlá ọdún 1950, Aláké padà sí ààfin rẹ̀, orí oyè náà ló sì wà títí tó fi wàjà ní 1962. Kó tó padà ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ti sọ ẹgbẹ́ rẹ̀ di ti gbogbo Nàìjíríà. Ní 1953 ó tún pe àwọn obìnrin jọ sí Abẹ́òkúta láti oríṣiríṣi apá orílẹ̀-èdè, ẹ̀tọ́ láti dìbò ni wọ́n ń bèèrè lọ́tẹ̀ yìí.